Amend, revise, review, alter: èwo ni ká lò níbo?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ìlú wa, ẹ̀ka ti Èkó. Ìwé òfin ẹgbẹ́ wa ti gbó, a sì fẹ́ tún un ṣe kí ìpàdé àpapọ̀ ọdún yìí tó wọlé. Yorùbá la fi ń jíròrò, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni mo gbọ́dọ̀ fi kọ ọ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di àríyànjiyàn. Alága ní kí n kọ ọ́ pé a fẹ́ review ìwé òfin. Akápò ní rárá, amend ni. Bàbá kan láàárín wa ní revise ló yẹ. Ẹnìkan tún ní modify, ó ní kí la ń torí ẹ̀ jà, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn.

Mo ṣí ìwé atúmọ̀ èdè. “To make changes” ló wà nídìí ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìyẹn ò sì ràn mí lọ́wọ́. Ní tiwa, “tún ṣe” ti gba gbogbo ẹ̀ tán: a lè tún ilé ṣe, ká tún òfin ṣe, ká tún ìwà ṣe, ká tún bàtà ṣe. Gẹ̀ẹ́sì ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ibi tí ẹ ti ń gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lójoojúmọ́, àti èyí tí mo lè kọ sínú lẹ́tà tí ojú ò fi ní tì wá.

Tísà Gẹ̀ẹ́sì:
Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Àwọn ará ìpàdé yín ò purọ́. Ìgbésẹ̀ tó yàtọ̀ síra ni oníkálukú wọn dì mú.

Review ló máa ń ṣáájú. Ẹ gbé ìwé òfin kalẹ̀, ẹ kà á láti òkè délẹ̀, ẹ wo ohun tó ṣì wúlò àti ohun tí ìgbà ti kọjá lórí ẹ̀. Ẹ lè review ìwé kan tán kí ẹ má fọwọ́ kan ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìgbìmọ̀ tí ẹ bá yàn fún un fi ń jẹ́ review committee: wọ́n á wò ó, wọ́n á mú àbá wá, wọn ò láṣẹ láti yí ohunkóhun padà. Tí Alága bá kọ ọ́ pé “we have reviewed the constitution”, ẹni tó bá kà á ò mọ̀ bóyá nǹkan kan ti yí.

Amend ń sọ pé àṣẹ ti wọ̀ ọ́. Ìwé tó ní agbára lórí ènìyàn la ń amend: òfin, ìwé àdéhùn, àbá tí wọ́n gbé síwájú ìpàdé. Apá kan la máa ń fọwọ́ kàn, ìyókù á dúró bó ṣe wà. Revise fẹ̀ jù ú lọ. Ẹni tó revise ìwé gba inú ẹ̀ kọjá látòkè délẹ̀, ó tún èrò rò, ó tún ọ̀rọ̀ tò, ohun tó sì jáde lè jẹ́ ẹ̀dà tuntun pátápátá. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti Ọba James jáde ní 1611. Nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jókòó tì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí wọ́n mú Májẹ̀mú Tuntun jáde ní 1881 àti odidi Bíbélì ní 1885, Revised Version ni wọ́n pe iṣẹ́ wọn. Kò sẹ́ni tó lè pe irú iṣẹ́ yẹn ní amended.

Nítorí náà, tó bá jẹ́ pé abala mẹ́ta mẹ́rin ni ẹ fẹ́ yí, amend ni. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kọ gbogbo ẹ̀ lákọ̀tun, revise ni. Modify ò burú, àmọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tàbí ètò ló máa ń dún: èèyàn lè modify mọ́tò, modify ohun tí dókítà ní kó máa jẹ, modify bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ kan. Ó ń sọ pé ìyípadà náà kò pọ̀, ohun náà ṣì ni ohun tó jẹ́.

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ ilé ìwé mi ni pé kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ ìṣe. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ẹ fẹ́ yí. Òfin ni, àbí aṣọ, àbí àṣìkọ, àbí dígí ọkọ̀? Nǹkan ọ̀hún fúnra ẹ̀ ló ń pe ọ̀rọ̀ ìṣe tirẹ̀ wá.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́:
Tísà, ẹ ṣeun gan-an ni. Àkọsílẹ̀ ìpàdé ńkọ́? Tí ẹnìkan bá dìde pé wọn ò kọ orúkọ òun mọ́ àwọn tó wá?

Tísà Gẹ̀ẹ́sì:
Correct nìyẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi ìpàdé ò lè yí mọ́, akọsílẹ̀ ló gbà á sódì, ẹ wá mú un bá òótọ́ mu. Ohun tó bá ṣì ní òdiwọ̀n kan tó yẹ kó bá mu, tí kò sì bá a mu, correct la ń lò fún un: ìṣirò, orúkọ, déètì, sípẹ́lì. Ṣùgbọ́n tí ẹnìkan bá gbé àbá dìde pé kí owó oṣù ẹgbẹ́ di ẹgbẹ̀rún méjì, tí ẹlòmíràn ní kó jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀, àbá yẹn ni wọ́n amend. Àṣìṣe kankan ò sí nínú ti àkọ́kọ́, èrò ló yàtọ̀.

Ẹ sì ṣọ́ adopt àti adapt. Mo ti rí i nínú àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ tó pọ̀: “the minutes were adapted”. Adopt ni ká gba nǹkan wọlé bó ṣe wà, bí ẹni gba ọmọ tọ́. Adapt ni ká yí i kó lè bá ibi tuntun mu. Ọlá Rótìmí, òǹkọ̀wé eré orí ìtàgé, mú ìtàn Oedipus tí Sophocles kọ ní ilẹ̀ Gíríìkì, ó fi ọba Yorùbá sí i, ó fi Ifá àti Ògún sí i, wọ́n kọ́kọ́ ṣe é lórí ìtàgé ní 1968. Adaptation nìyẹn. Àkọsílẹ̀ ìpàdé, adopt là ń adopt ẹ̀: “the minutes were adopted as corrected”.

Lọ́yà Àkúrẹ́:
Tísà ti sọ ọ́ ó kù díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fi ti òfin kún un. Nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, abala 9 ló sọ bí wọ́n ṣe lè yí ìwé òfin náà padà, alter sì ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn òfin tó ti fọwọ́ kàn án fi ń jẹ́ First Alteration, Second Alteration, títí dé Fifth Alteration tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní 2023. Rédíò àti ìwé ìròyìn ń pè é ní amendment, kò sì sẹ́ni tó ṣì wọ́n gbọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń kọ ìwé sí ilé ẹjọ́, orúkọ tí òfin fún nǹkan ni kí ẹ pè é.

Ẹ wo bí ìyípadà ṣe lè kéré lójú. Abala 131 ló sọ ẹni tó lè du ipò ààrẹ. Ní 2018 wọ́n yọ forty kúrò níbẹ̀, wọ́n fi thirty-five sí i, ó parí. Ẹni ọdún 35 wá lè dupò tí ẹni ọdún 39 ò lè dù tẹ́lẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ ẹyọ kan yẹn tó lè kúrò, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin ilé méjèèjì ní Àbújá gbọ́dọ̀ gbà, kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 náà sì gbà. Àṣẹ ló wà nídìí amend àti alter nínú òfin. Bí ìyípadà ṣe tóbi tó kọ́ ló ń mú un wúwo.

Èyí ló máa wúlò jù fún Akọ̀wé. Nígbà tí ẹ bá ń kọ àtúnṣe náà gan-an, ọ̀rọ̀ ìṣe mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Delete ni kí ẹ yọ ọ́. Insert ni kí ẹ fi kún un, kí ẹ sì sọ ibi tó máa bọ́ sí, “immediately after” ọ̀rọ̀ báyìí báyìí. Substitute ni kí ẹ fi òmíràn rọ́pò, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ń gbé e kọ́dí. Ẹ máa kọ ọ́ báyìí: “substitute thirty-five for forty”. Tuntun ló ṣáájú, àtijọ́ ló gbẹ̀yìn. Replace yàtọ̀: “replace forty with thirty-five”, àtijọ́ ló ṣáájú níbẹ̀. Tí ẹ bá pa méjèèjì pọ̀, ẹ lè kọ òfin tó sọ òdìkejì ohun tí ìpàdé fẹnu kò sí.

Tó bá jẹ́ odindi òfin ni ẹ fẹ́ pa rẹ́, repeal ni. Electoral Act, òfin ìdìbò, ti 2022 repeal ti 2010, ó gba ipò ẹ̀ nígbà náà. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní ọgbọ́n tiwọn: wọn kì í yọ ohun tó wà nínú ìwé òfin wọn, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń so àtúnṣe mọ́, ó sì ti pé 27. Èyí tó fòfin de ọtí ní 1919, ìkejìdínlógún, ṣì wà níbẹ̀ kedere, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkọkànlélógún ti repeal ẹ̀ ní 1933.

Ẹ sì tún wo owó oṣù tó kéré jù lọ tí òṣìṣẹ́ ń gbà. Ní 2024 wọ́n gbé e kúrò lórí 30,000 náírà, ó di 70,000. Òfin kan náà ló sọ pé ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni kí wọ́n máa review owó náà, dípò ọdún márùn-ún-márùn-ún. Owó ni wọ́n ń review. Òfin ni wọ́n amend.

Télọ̀ Mushin:
Ẹ kú ìjíròrò o. Ẹnu yà mí pé ẹ ti sọ̀rọ̀ amend látàárọ̀, ẹ ò tíì kan ṣọ́ọ̀bù wa. Àwa télọ̀ là ń gbọ́ ọ jù. “Bọ̀dá, ẹ bá mi amend kaba yìí.” “Ẹ tètè amend ẹ̀, ọ̀la ni òde.” Amend tí wọ́n ń wí yìí, mo máa ń bi wọ́n pé irú èwo, torí kì í ṣe ọ̀kan. Ẹni tí aṣọ gbà á láyè jù, à ń fún un mọ́ ọn lára, take in. Ẹni tó sanra sí i, à ń tú u, let out. Ṣòkòtò tó ń wọ́lẹ̀, à ń ká a sókè, take up. Èyí tó ga jù, let down.

Tí mo bá ń rán kaba fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tàbí ọmọ tó ń dàgbà, mo máa ń fi íǹṣì kan sílẹ̀ nínú ojú rírán lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Tí kò bá sí íǹṣì yẹn níbẹ̀, let out ò ṣeé ṣe, àfi ká so aṣọ mìíràn mọ́ ọn. Ẹ wò ó nínú kí ẹ tó ra aṣọ tí wọ́n ti rán sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì Peckham:
Ẹ kú iṣẹ́, Télọ̀. Òótọ́ lẹ sọ. Àmọ́ kí ẹni tó ń bọ̀ níbí mọ̀ pé alterations ni wọ́n ń kọ sára dígí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ nílùú ọba. “Can you alter this dress?” ni kí ẹ sọ, tàbí kí ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ gan-an: “Can you take it in at the waist?” Amend a dress, wọ́n á gbọ́ ọ tí ẹ bá nàka sí aṣọ, ṣùgbọ́n etí wọn ò mọ̀ ọ́n mọ́ aṣọ.

Ẹ sì ṣọ́ra fún sípẹ́lì: alter ni yíyí padà, altar ni pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó méjèèjì máa ń wà nínú lẹ́tà kan náà, wọ́n sì máa ń pààrọ̀ ara wọn.

Ọmọlójú:
Ṣé kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé náà wá jáwọ́ nínú amend aṣọ nìyẹn? Ìyẹn ò tọ̀nà.

Tísà Gẹ̀ẹ́sì:
Rárá o, èmi ò ní kí ẹnikẹ́ni jáwọ́. Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà ni, oníbàárà mọ̀ ọ́n, télọ̀ mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ ń lọ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ fún níbi tó wà, kó máa lò ó. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ọmọ tó ń lọ ṣe ìdánwò ní òkè òkun, tàbí ẹni tó ń kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ níbẹ̀, mọ ìkejì. Ọ̀rọ̀ méjì lọ́wọ́ sàn ju ọ̀kan lọ.

Ìyá Ìbejì Peckham:
Ẹ ṣeun, Tísà. Ẹ jẹ́ kí n fi méjì kún un tó ti fa ìdàrúdàpọ̀ nílé mi. Àwọn ọmọ wọ̀nyí á ní “I'm revising”, tí màmá mi tó wá kí wa á béèrè pé ìwé wo ni wọ́n ń kọ lákọ̀tun. Kò sí ìwé kankan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, revise ni kí ọmọ máa tún ohun tí wọ́n ti kọ́ ọ kà nítorí ìdánwò, GCSE tàbí A-level. Àwọn ìbátan wa ní Houston, review tàbí study ni wọ́n ń pè é. Tí ọmọ Amẹ́ríkà bá ní òun ń revise, àròkọ òun ló ń tún kọ.

Ìkejì ni revert. Àwa ọmọ Nàìjíríà fẹ́ràn ẹ̀ nínú íméèlì: “Kindly revert as soon as possible”, tí a fẹ́ kí wọ́n fèsì. Ọ̀pọ̀ òyìnbó tí mo bá ṣiṣẹ́ mọ̀ revert sí pé kí nǹkan padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹ ronú sí i tí ẹ bá fi àtúnṣe ìwé àdéhùn ránṣẹ́ tí ẹ wá kọ sábẹ́ ẹ̀ pé “please revert”. Ẹni tó gbà á lè rò pé ẹ ní kó pa àtúnṣe náà rẹ́. Reply tàbí get back to me kò ní gbé yín sínú wàhálà.

Oníwèé Ìbàdàn:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe, mo sì fẹ́ gbẹnu sọ fún edit, nítorí ó dà bíi pé ẹ ti gbàgbé ẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé máa ń gbé ìwé wá, wọ́n á ní “just edit it small”, nígbà tó jẹ́ pé proofread ni wọ́n ń wí, tàbí pé ohun tí ìwé náà nílò ni kí wọ́n jókòó kọ ọ́ lákọ̀tun.

Ẹ wo gbólóhùn yìí: “The commitee have deliberated on the issue of the land matter.” Ẹni tó ń proofread á rí i pé lẹ́tà t kan ló kù nínú committee, á fi sí i, á kọjá lọ. Ẹni tó ń edit á béèrè pé kí ni issue ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ matter, á sì mú un wá sí “The committee has discussed the land.” Ẹni tó ń revise ni òǹkọ̀wé fúnra ẹ̀: á béèrè bóyá ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹ kó wà ní orí kìíní rárá. Iṣẹ́ mẹ́ta ni, owó wọn ò sì dọ́gba. Tí ẹ bá ń fún ènìyàn ní ìwé yín, ẹ sọ èyí tí ẹ fẹ́ kí ẹ tó gbà lórí iye, ìjà tó wà láàárín òǹkọ̀wé àti atẹ̀wé ìbá dínkù.

Fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́: tí alábòójútó bá kọ “effect all corrections” sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ yín, effect yẹn ọ̀rọ̀ ìṣe ni, ó ní kí ẹ mú àwọn àtúnṣe náà ṣẹ. Kì í ṣe affect. Affect the corrections, ìyẹn ni pé ẹ ṣe nǹkan kan tó kan àwọn àtúnṣe náà, kò sì sẹ́ni tó rán yín níyẹn. Tí ìwé ìròyìn ọ̀mọ̀wé bá kọ “revise and resubmit” sí yín, ẹ má sunkún. Wọn ò tíì gbà á, wọn ò sì kọ̀ ọ́. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n gbé fún yín, ẹ jókòó ṣe é.

Edit sì ti di ọ̀rọ̀ gbogbo ayé báyìí nítorí fóònù. Láti 2023 ni WhatsApp ti gbà kí èèyàn edit ọ̀rọ̀ tó ti fi ránṣẹ́, láàárín ìṣẹ́jú 15, wọ́n á sì kọ edited sábẹ́ ẹ̀. Àwọn ọmọ wa mọ edit kí wọ́n tó mọ amend.

Alákáfẹ̀:
Ẹ̀yin àgbà, ibi tí mo wà ni wọ́n ti ń sanwó fún àwọn ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí mo ti rí ni pé kí ẹ má ṣe yan ọ̀rọ̀ tó wù yín lórí fọ́ọ̀mù ìjọba. Ọ̀rọ̀ tí àjọ náà ń lò ni kí ẹ wá. Lọ́dọ̀ NIMC, àjọ tó ń fúnni ní NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀, tí orúkọ tàbí ọjọ́ ìbí ò bá tọ̀nà lórí NIN, modification ni wọ́n ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àṣìkọ ni ẹ fẹ́ kí wọ́n tún ṣe. Ti ọjọ́ ìbí sì ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, wọ́n á béèrè ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ àjọ tó ń ka ènìyàn. Lọ́dọ̀ JAMB, correction of data ni ti orúkọ àti ọjọ́ ìbí, change of course àti change of institution ni ti ẹ̀kọ́ àti ilé ìwé. Ọmọ tó bá ń wá amend lórí ojú ewé wọn á wá a títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ní ti páásípọ́ọ̀tù, ẹ lè bá re-issue pàdé fún ohun tí gbogbo wa ń pè ní renew.

Ẹ sì rántí àwọn ìkéde inú ìwé ìròyìn. Change of name ni ti ọmọbìnrin tó ṣègbéyàwó: “formerly known and addressed as” báyìí, “now wish to be known and addressed as” báyìí, “all former documents remain valid”. Ẹni tí wọ́n kọ Olúwaṣeun fún ní Oluwasheun, correction of name ni tirẹ̀. Ẹni tí orúkọ méjì wà fún, tí méjèèjì sì jẹ́ tirẹ̀, confirmation of name. Tí ẹ bá fi change sí ibi tó yẹ kí correction wà, báńkì lè ní ẹ ti di ẹlòmíràn, wọ́n á máa béèrè ìwé tí ẹ ò ní.

Ará Pọ́bẹ̀:
Ẹ kú o. Láti Pọ́bẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin ni mo ti ń kọ ọ́. Faransé la fi kàwé níbí, Gẹ̀ẹ́sì ló tẹ̀lé e, nítorí náà wàhálà tiwa yàtọ̀ díẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jọra lójú ní èdè méjèèjì, wọn ò sì jọra nínú. Altérer ní Faransé máa ń túmọ̀ sí kí nǹkan bàjẹ́, bí oúnjẹ tí oòrùn pa tàbí òótọ́ tí wọ́n lọ́ po. Tí ọmọ Benin bá ka alteration lára ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, ó lè máa ronú pé ta ló fẹ́ bá òun ba aṣọ jẹ́. Une amende ni owó ìtanràn. Éditeur ni ẹni tó ń tẹ ìwé jáde tó sì ń náwó lé e, kì í ṣe editor tó jókòó ti gbólóhùn bí Oníwèé Ìbàdàn ti ṣàlàyé. Réviser, a ń lò ó fún ẹ̀kọ́ ìdánwò bíi ti Peckham, a sì tún ń lò ó tí a bá gbé mọ́tò lọ fún àyẹ̀wò lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Lọ́dọ̀ yín, service ni ti mọ́tò. Ẹ̀yin ará Kétu, Sákété àti Àjàṣẹ́ tí ẹ ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Bàbá Abẹ́òkúta:
Ẹ kú ọgbọ́n. Convert ni tèmi. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973 ni a pa pọ́n-ùn tì tí a bọ́ sí náírà, pọ́n-ùn kan di náírà méjì. Owó kúrò ní irú kan, ó bọ́ sí irú mìíràn, iye rẹ̀ ò sì sọnù: convert nìyẹn. Adjust ni ti àwọn ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba, dé ní 1986. Structural Adjustment ni wọ́n pè é, bí ẹni pé ká kàn tún ìjókòó sún díẹ̀. Ẹni tó bá rántí iye tí ọjà di nígbà yẹn mọ̀ pé adjust kò gbọ́dọ̀ tàn yín jẹ. Ìjọba máa ń yan ọ̀rọ̀ tó kéré fún iṣẹ́ tó tóbi.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà:
Bàbá, a dúpẹ́. Ní kíákíá: update, ohun tí ẹ ní náà ni, wọ́n kàn mú un bá òní mu. Upgrade, ẹ ti gòkè sí èyí tó dára jù. Ẹ update WhatsApp, ẹ upgrade fóònù. “Update me” náà wà, ìyẹn ni pé kí ẹ sọ ibi tí nǹkan dé fún mi. Adjust sì ni ti ohun tí ẹ lè dá padà sí bó ṣe wà láìṣe wàhálà: dígí ọkọ̀, okùn báàgì, ohùn rédíò. “Adjust small” ti inú dánfó, ìdí nìyẹn tó fi bá a mu gan-an: ẹ sún díẹ̀ kí ẹnìkẹrin lè jókòó, tó bá bọ́ sílẹ̀ ẹ padà sáyè yín.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́:
Ọlọ́run á bù sí ọgbọ́n gbogbo yín. Mo ti kọ èyí, ẹ bá mi wò ó kí n tó gbé e fún Alága:

“The committee reviewed the constitution and recommended two amendments. The general meeting adopted them. In Article 7, ‘two thousand naira’ is substituted for ‘five hundred naira’. In Article 12, the words ‘male members’ are deleted and replaced with ‘members’. The minutes of the last meeting were adopted as corrected.”

Tísà Gẹ̀ẹ́sì:
Ó dára púpọ̀. Nínú Article 12, tí ẹ bá ti ní replaced, ẹ ò nílò deleted mọ́. “‘Male members’ is replaced with ‘members’” ti tó. Inú mi sì dùn sí ohun tí àtúnṣe yẹn ṣe fún àwọn ìyá ẹgbẹ́.

Lọ́yà Àkúrẹ́:
Substitute yín dúró dáadáa. Ẹ fi gbólóhùn kan kún un: “These amendments take effect from”, kí ẹ kọ déètì síwájú ẹ̀. Ẹni tó bá ti san ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lóṣù yìí kí ìpàdé tó jókòó á fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì jẹ gbèsè, ẹ ò sì ní fẹ́ kí akápò máa dá a lóhùn láti orí.